Owó báńkì ju iye tí ìwé wa sọ lọ: ṣé oníṣirò owó lè fọwọ́ sí ìjábọ̀ owó oníbàárà bẹ́ẹ̀?

Aṣojú-Onílé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá nínú iṣẹ́ ìṣirò owó, àti ẹ̀yin tí ẹ ń bá onílé bójú tó ilé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi àti ìyàwó mi ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. A ń bá àwọn onílé wá ayálégbé, a ń gba owó ilé lóṣooṣù, a sì ń fi í ránṣẹ́ sí wọn lẹ́yìn tí a bá ti yọ owó iṣẹ́ wa. Ilé 46 ló wà lọ́wọ́ wa báyìí. Gbogbo ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ní England ló mọ̀ pé láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ tó bá ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà gbọdọ̀ wà nínú ètò ààbò owó oníbàárà tí ìjọba fọwọ́ sí, àti pé owó ìtanràn ẹni tó bá kọtí ikún sí i lè tó £30,000. A wà nínú ọ̀kan lára àwọn ètò náà, òun ló sì ń béèrè lọ́dọọdún pé kí oníṣirò owó tí kì í ṣe ara wa yẹ ìwé wa wò, kí ó sì kọ ìjábọ̀ ránṣẹ́ sí wọn.

Ọdún ìṣirò wa parí ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta. Sítétímẹ́ǹtì báńkì ọjọ́ náà fi hàn pé £38,412.75 ló wà nínú àkáǹtì oníbàárà. Nígbà tí a tẹ àkójọ ohun tó kù lórúkọ onílé àti ayálégbé kọ̀ọ̀kan jáde láti inú kọ̀ǹpútà, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £37,228.15, èyí tó túmọ̀ sí pé owó báńkì fi £1,184.60 lé sí iye tí ìwé sọ pé a jẹ àwọn èèyàn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń bá wa kọ ìwé ní kí n fọkàn balẹ̀, pé kí owó dín ló burú, pé bí owó bá lé, ta ni yóò bínú? Ṣùgbọ́n oníṣirò owó tí a gbé iṣẹ́ náà fún dá gbogbo ìwé padà, ó ní òun kò lè parí ìjábọ̀ àfi tí a bá ṣàlàyé £1,184.60 yẹn títí dórí pẹ́nì tó kẹ́yìn. Ó tún fi bírò pupa yí orúkọ onílé kan po, ẹni tí ìwé rẹ̀ fi hàn pé £640 ló jẹ wá. Bọ́ílà ilé rẹ̀ ló bàjẹ́ nínú oṣù kejì, ilé náà ṣófo nígbà náà, kò sí owó kankan lórúkọ rẹ̀, a sì san owó fún ẹni tó tún un ṣe kí omi má baà dì nínú páìpù. Ìbàdàn ni onílé yìí ń gbé, èèyàn dáadáa sì ni.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ bi yín. Ṣé lóòótọ́ ni owó tó lé lè dá ìjábọ̀ dúró? Kí ni kí a ṣe sí ti onílé Ìbàdàn, nígbà tí ó dá wa lójú pé yóò san? Ẹ̀kẹta, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí ń kọ́ṣẹ́ ìṣirò owó lọ́wọ́, ó sì ti yege nínú ìdánwò mélòó kan. Ṣé òun fúnra rẹ̀ kò lè bá wa fọwọ́ sí ìwé náà, kí a lè bọ́ lọ́wọ́ owó tí a ń san fún ẹni ìta?

Ìwé-Kò-Purọ́:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àmúmọ́ra. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kẹta, nítorí òun ló rọrùn jù: rárá o. Ẹni tó kọ ìwé kò lè jẹ́ ẹni tí yóò tún yẹ ìwé náà wò, ká má tilẹ̀ tíì sọ pé ẹbí yín ni. Ẹni tí wọ́n ń fẹ́ ni ẹni tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó tí ètò yín mọ̀, bíi ICAEW tàbí ACCA, tí kò sì ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ yín. Ẹ ka ìlànà ètò tí ẹ wà nínú rẹ̀ dáadáa, nítorí àwọn ètò bíi Propertymark, safeagent, RICS, Client Money Protect àti Money Shield kò lo ìwé ìlànà kan náà.

Ní ti owó tó lé, oníṣirò owó yín kò ṣe àṣejù. Owó tó wà nínú àkáǹtì yẹn kì í ṣe owó yín, kì í sì í ṣe owó ẹnì kan ṣoṣo. Owó ọ̀pọ̀ onílé àti ayálégbé ni, tí ẹ kàn ń bá wọn tọ́jú. Ìjábọ̀ náà kò béèrè bóyá owó pọ̀ ní báńkì. Ohun tó ń wádìí ni bóyá pọ́ùn kọ̀ọ̀kan tó wà níbẹ̀ ní olówó tí a mọ orúkọ rẹ̀, àti bóyá orúkọ kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ìwé ní pọ́ùn tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ti gbọ́ tí àwọn àgbà ń sọ pé orí ẹnì kan pé bíi ti alájọ Ṣómólú, ẹni tó ń gba àjọ lọ́wọ́ èrò rẹpẹtẹ láìkọ ọ́ sílẹ̀, tí kò sì ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Bí alájọ Ṣómólú bá dìde lónìí, tó sì ṣí ọ́fíìsì ẹ́jẹ́ǹtì sí Woolwich, oníṣirò owó kò ní fọwọ́ sí ìjábọ̀ rẹ̀, nítorí ohun tó wà nínú orí rẹ̀ kò ṣeé yẹ̀ wò.

Ìwé mẹ́ta ni oníṣirò owó máa ń gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: sítétímẹ́ǹtì báńkì, ìwé tí ẹ̀yin fúnra yín kọ gbogbo owó tó wọlé àti èyí tó jáde sí, àti àkójọ ohun tó kù lórúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, iye kan náà ni wọ́n sì gbọdọ̀ sọ lẹ́yìn tí a bá ti yanjú owó tó wà lójú ọ̀nà, ìyẹn èyí tí ẹ ti kọ sínú ìwé ṣùgbọ́n tí báńkì kò tíì yọ. Kò ní í wo ọjọ́ ìparí ọdún nìkan o. Yóò mú ọjọ́ mìíràn láàárín ọdún, ọjọ́ tí kò sọ fún yín tẹ́lẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá oṣooṣù lẹ ń ṣe ìfiwéra yìí, àbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó tì í nígbà tí lẹ́tà rẹ̀ dé.

Ẹ jẹ́ ká wá wo £37,228.15 tí ẹ pè ní àpapọ̀. Kọ̀ǹpútà yín ti yọ £640 ti onílé Ìbàdàn kúrò nínú rẹ̀, nítorí pé gbèsè ló wà lórúkọ tirẹ̀. Àwọn tó kù tí ẹ jẹ lówó ńkọ́? Ṣé wọ́n ti gbà pé kí a fi owó àwọn dí gbèsè onílé kan tí wọn kò rí rí? Nígbà tí ẹ san owó bọ́ílà yẹn láti inú àkáǹtì oníbàárà, owó Lágbájá lẹ fi tún ilé Làkásègbè ṣe. Nítorí náà, iye tí ẹ jẹ àwọn èèyàn ní tòótọ́ ni £37,868.15, owó tó lé sì ti wálẹ̀ sí £544.60 kí a tó sọ̀rọ̀ jìnnà. Bí mo bá jẹ́ yín, ẹ̀rù ni owó tó lé yìí yóò máa bà mí, nítorí ó sábà máa ń bo àìpé mọ́lẹ̀.

Ẹ lọ wo ohun mẹ́rin, kí ẹ sì padà wá. Èwo ni owó tí ẹ ti kọ sínú ìwé pé ó jáde ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta, ṣùgbọ́n tí báńkì kò tíì yọ? Èló ni owó iṣẹ́ tiyín tí ẹ ti yọ lórúkọ àwọn onílé, ṣùgbọ́n tí ẹ kò tíì gbé kúrò nínú àkáǹtì náà? Ṣé báńkì ń yọ owó tirẹ̀ níbẹ̀ lóṣooṣù? Ṣé ẹ san owó fún ẹnikẹ́ni lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kí owó kan wọlé tí ẹ kò mọ ẹni tó ni ín?

Ìyá-Ìbejì-Leeds:

Ọ̀rọ̀ owó tí a kò mọ ẹni tó ni ín yẹn ni mo fẹ́ fi kún. Mo ti bá ilé-iṣẹ́ kan ṣiṣẹ́ rí tí n kò ní í dárúkọ rẹ̀, níbi tí owó tó lé ní báńkì ti wà fún ọdún mẹ́ta gbáko, tí ọ̀gá wa sì ń pè é ní tìmùtìmù wa, pé kò sí bí owó ṣe lè dín láé. Nígbà tí oníṣirò owó tuntun dé, ó tú u wò, ó sì bá owó àwọn ayálégbé méje níbẹ̀. Àwọn kan ti san owó ilé oṣù tó kẹ́yìn lẹ́yìn tí wọ́n ti kó jáde, torí wọn kò rántí dá ìtọ́ni tí wọ́n fún báńkì dúró. Àwọn kan kọ «rent» lásán sí orí owó tí wọ́n fi ránṣẹ́, kò sí orúkọ, kò sí nọ́ńbà ilé. Obìnrin kan wà láàárín wọn tí a ti kọ lẹ́tà líle sí pé ó jẹ owó ilé oṣù kan, tó sunkún ní iwájú tábìlì mi pé òun ti san án. Ó sì ti san án lóòótọ́. Inú tìmùtìmù ni owó rẹ̀ wà.

Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń fún ayálégbé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí yóò máa kọ sí orí owó tó bá ń san, tí owó kan bá sì wọlé láìlórúkọ, ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni mo ń ṣí fún un lọ́jọ́ náà gan-an, títí a ó fi rí olówó.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó béèrè ni pé bí ẹ bá rí i pé owó dín níbì kan, tí owó iṣẹ́ tiyín sì wà nínú àkáǹtì náà, ẹ kàn fi owó iṣẹ́ yín sílẹ̀ níbẹ̀ kó dí i. Ó yá ju kí ẹ máa wá owó kiri lọ.

Aṣojú-Onílé:

Ẹ ṣeun gan-an ni. A kò sùn dáadáa ní òru àná. Èmi àti ìyàwó mi tẹ́ ìwé sórí tábìlì oúnjẹ, a sì ń fi rúlà tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan láti oṣù kẹrin ọdún tó kọjá. Ohun tí a rí rèé.

Owó £850 tí a fi ránṣẹ́ sí onílé kan wà nínú ìwé wa ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta, ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì ni báńkì yọ ọ́. Owó iṣẹ́ wa tí a kò tíì gbé kúrò jẹ́ £1,756.60. Báńkì ń yọ £8.50 lóṣooṣù fún ìtọ́jú àkáǹtì, ẹ̀ẹ̀méjìlá sì ni ó yọ ọ́ láàárín ọdún, £102 lápapọ̀. Kò sí èyí tí a kọ sínú ìwé nínú rẹ̀. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ní oṣù kìíní, a san £1,320 fún onílé kan lẹ́ẹ̀mejì. Lórí fóònù ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń san án, íntánẹ́ẹ̀tì já, ó rò pé kò lọ, ó sì tún un tẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ló kọ sínú ìwé. Onílé náà kò sọ ohunkóhun.

N kò mọ bí mo ṣe máa to àwọn nọ́ńbà yìí pọ̀.

Ìwé-Kò-Purọ́:

Ẹ ti ṣe èyí tó le jù nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tò wọ́n.

Báńkì sọ pé £38,412.75. Ẹ yọ £850 tó wà lójú ọ̀nà, ó ku £37,562.75. Nínú èyí, £1,756.60 kì í ṣe owó oníbàárà, owó iṣẹ́ tiyín ni. Ẹ yọ ọ́, ó ku £35,806.15. Èyí nìkan ni owó oníbàárà tó wà ní báńkì ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Iye tí ẹ sì jẹ àwọn oníbàárà ni £37,868.15. Nítorí náà, owó oníbàárà fi £2,062 dín. Ẹ kíyè sí i bó ṣe bára mu: £640 ti bọ́ílà, £1,320 tí ẹ san lẹ́ẹ̀mejì, £102 tí báńkì yọ. Kò ku pẹ́nì kan tí a kò mọ ìdí rẹ̀. £1,184.60 tí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín pè ní owó tó lé jẹ́ àìpé £2,062 tí owó iṣẹ́ yín, £850 tí kò tíì jáde àti £640 tí kọ̀ǹpútà yọ kúrò nínú àpapọ̀ bò mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ti gbé owó iṣẹ́ yín lásìkò tó yẹ, ẹ̀yin fúnra yín ì bá ti rí ihò náà láti oṣù kìíní.

Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ ìmọ̀ràn Ìyá Ìbejì lórí kókó kan yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn tí wọ́n sọ wúlò púpọ̀. Ẹ má fi owó iṣẹ́ dí àìpé láìkọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìṣòro méjì ti wọnú ara wọn nìyẹn, kò sì sí ẹni tí yóò lè tọ ipasẹ̀ èyíkéyìí nínú wọn lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ gbé £2,062 láti inú àkáǹtì ilé-iṣẹ́ yín wá sínú àkáǹtì oníbàárà lónìí, kì í ṣe lọ́la, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta ní ìbámu pẹ̀lú ohun tó fà á. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé £1,756.60 owó iṣẹ́ yín jáde lọ́tọ̀, kí àkọsílẹ̀ fi hàn onílé wo ni kọ̀ọ̀kan ti wá. Mo mọ̀ pé ojú kan náà ni owó méjèèjì ń gbà kọjá, tí yóò sì dà bí ẹni ń bu omi láti inú ìkòkò sínú ìkòkò. Àmọ́ ipasẹ̀ yẹn gan-an ni oníṣirò owó yóò tọ̀.

Ẹ sọ fún báńkì kí wọ́n máa yọ owó ìtọ́jú àkáǹtì láti inú àkáǹtì ilé-iṣẹ́ yín. Bí ẹ bá ti ń bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ wọn tó jẹ́rìí sí i pé àkáǹtì oníbàárà ni èyí, àti pé báńkì kò lè fi owó inú rẹ̀ san gbèsè tí ilé-iṣẹ́ yín bá jẹ ẹ́. Oníṣirò owó yóò béèrè lẹ́tà náà. Àwọn tí wọ́n ṣí àkáǹtì lórí fóònù láìpẹ́ yìí kì í sábà ní in.

Ní ti ìjábọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ má bẹ oníṣirò owó pé kó má kọ àìpé náà. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, iṣẹ́ tí a gbé fún un kì í ṣe pé kó sọ bóyá ẹ jẹ́ olóòótọ́. Ó ní àwọn àyẹ̀wò tí ẹ̀yin àti ètò ti fẹnu kò lé lórí. Yóò ṣe é, yóò sì sọ ohun tó rí. Ohun tó rí ni pé owó dín ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta, ohun mẹ́ta ló fà á, ilé-iṣẹ́ sì dí i ní ọjọ́ báyìí. Láti ìrírí tèmi, ìjábọ̀ tó sọ àṣìṣe kan àti ọjọ́ tí a tún un ṣe kì í da àwọn ètò láàmú bí ìjábọ̀ tó dé lẹ́yìn àkókò, tàbí èyí tó mọ́ jù fún ilé-iṣẹ́ tí owó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

Olówó-Orí:

Ẹ jọ̀wọ́, mo ní ọ̀rọ̀ kan lórí onílé tó ń gbé ní Ìbàdàn, nítorí iṣẹ́ owó-orí ni mò ń ṣe, mo sì ti rí i kí ọ̀rọ̀ yìí ká ọ̀pọ̀ ẹ́jẹ́ǹtì wa mọ́ ibi tí wọn kò fọkàn sí.

Onílé tí ibùgbé rẹ̀ wà lẹ́yìn odi UK, ì báà jẹ́ pé ó ní ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò rí bí onílé tó ń gbé ní Croydon lójú HMRC, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń gba owó-orí. Ẹ́jẹ́ǹtì tó ń gba owó ilé fún un gbọdọ̀ yọ owó-orí ìpìlẹ̀, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, nínú owó ilé tó wọlé láàárín oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ìnáwó bíi àtúnṣe tí òfin gbà láàyè, àyàfi tí HMRC bá ti kọ̀wé sí ẹ́jẹ́ǹtì náà gan-an pé kó máa san owó náà lódidi. Oṣù mẹ́ta kan parí ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta, ìyẹn ọjọ́ tí ìṣirò yín parí, ọgbọ̀n ọjọ́ péré sì lẹ ní láti san owó-orí rẹ̀. Bí ẹ bá yọ irú owó bẹ́ẹ̀, inú àkáǹtì yín ló wà ní ọjọ́ ìparí ọdún, ó sì gbọdọ̀ ní ìlà tirẹ̀ nínú àkójọ yín. Bí ẹ kò bá yọ ọ́, tí ìwé ìyọ̀ǹda kò sì sí lọ́wọ́ yín, gbèsè owó-orí yẹn ti di tiyín nìyẹn.

Kódà bí ìwé ìyọ̀ǹda bá wà, ẹ ṣì gbọdọ̀ kọ ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́ sí HMRC kó tó di ọjọ́ 5 oṣù keje. Nítorí náà mo bi yín: ṣé ìwé náà wà?

Ní ti £640 gan-an, ojútùú kan wà tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń lò: wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú àdéhùn pé kí onílé kọ̀ọ̀kan fi owó díẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ́jẹ́ǹtì fún àtúnṣe òjijì, £250 tàbí £300, pàápàá onílé tó wà ní òkè òkun. Bí iṣẹ́ bá ju iye yẹn lọ, àkáǹtì ilé-iṣẹ́ yín ni kí ẹ ti san án, kí onílé wá jẹ ẹ̀yin, kó má jẹ àwọn onílé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìyá-Ìbejì-Leeds:

Mo gba àtúnṣe Ìwé-Kò-Purọ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Mo tún rántí ohun kan: ṣé dìpọ́sítì, ìyẹn owó ìdógò tí ayálégbé fi sílẹ̀, wà nínú £38,412.75 yẹn? Tí ó bá wà, ẹ jẹ́ kí oníṣirò owó rí ìwé ẹ̀rí ètò dìpọ́sítì fún ayálégbé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wò ó bóyá láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí ẹ gbà á lẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wo iye rẹ̀ pẹ̀lú. Láti oṣù kẹfà ọdún 2019, dìpọ́sítì ilé tí owó rẹ̀ lọ́dún kò tó £50,000 kò gbọdọ̀ ju owó ilé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ. Ilé tó jẹ́ £1,500 lóṣù, £1,730.76 ni ibi tó lè dé. Mo ti rí ẹni tó gba £1,800 nítorí pé nọ́ńbà tó gún régé wù ú. Èyí tó ṣẹ́ kù, £69.24, owó ayálégbé ni, kò sì sí àwíjàre kankan tí ẹ lè rí fún un.

Aṣojú-Onílé:

Dìpọ́sítì mẹ́sàn-án ló wà nínú àkáǹtì náà, a sì ti rí ìwé ẹ̀rí gbogbo wọn. Àwọn tó kù wà lọ́wọ́ ètò dìpọ́sítì fúnra rẹ̀. Ìwé ìyọ̀ǹda HMRC fún onílé Ìbàdàn wà nínú fáìlì, ọdún 2022 ni wọ́n kọ ọ́, orúkọ ilé-iṣẹ́ wa ló sì wà lórí rẹ̀. Mo pè é lórí WhatsApp ní alẹ́ àná, mo sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ £640 fún un. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé: «Ẹ̀gbọ́n, ṣé owó ẹlòmíràn lẹ fi tún ilé mi ṣe?» Ojú tì mí. Ó ti fi owó náà ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí, pẹ̀lú £300 tó ní kó máa wà nílẹ̀ fún àtúnṣe.

Ìyàwó mi ti gbé £2,062 sínú àkáǹtì oníbàárà láti orí ìfowópamọ́ ilé-iṣẹ́, lọ́nà mẹ́ta bí ẹ ṣe sọ. Ẹni tí a san owó fún lẹ́ẹ̀mejì ló kù. Ó gbà pé òun rí £1,320 náà, ó ní òun rò pé owó ilé tí ayálégbé san sílẹ̀ ni, òun sì ti ná an. Ó fẹ́ kí a máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó ilé rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin. Ìbéèrè mi tó kẹ́yìn nìyí: bí a bá ń yọ ọ́ báyìí, inú àkáǹtì wo ni yóò máa lọ? Ṣé kí n sì dúró kó san án tán kí n tó dá ìwé padà sọ́dọ̀ oníṣirò owó?

Ìwé-Kò-Purọ́:

Ẹ má dúró rárá. Láti ìgbà tí ẹ ti gbé owó yín sínú àkáǹtì oníbàárà, àìpé ti tán lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà. Gbèsè tó kù jẹ́ ti onílé yẹn sí ilé-iṣẹ́ yín, kò sì kan àkáǹtì oníbàárà mọ́. Bákan náà ni £640 tí ti Ìbàdàn san: bó bá jẹ́ inú àkáǹtì oníbàárà ló fi í sí, ẹ gbé e jáde sí ti ilé-iṣẹ́ yín, nítorí ẹ ti fi tiyín dípò rẹ̀. £300 ti àtúnṣe ni kó dúró síbẹ̀ lórúkọ rẹ̀.

Fún ẹni £1,320, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ímeèlì náà tó, pé ó gbà kí ẹ máa yọ £330 lóṣù fún oṣù mẹ́rin. Ní oṣù kọ̀ọ̀kan, kí sítétímẹ́ǹtì tí ẹ fi ránṣẹ́ sí i fi hàn ní ìlà tirẹ̀ pé ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì gbé e lọ sí àkáǹtì ilé-iṣẹ́ yín lọ́jọ́ kan náà. Bí ẹ bá tún jẹ́ kó sùn nínú àkáǹtì oníbàárà, ọdún tó ń bọ̀ ni ẹ ó tún padà wá sọ fún wa pé owó lé.